Ìṣirò máàpù: ọmọ ń rí 1.41, ìwé ní 5

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà wa. Iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ SS1 rèé: máàpù 1:50,000 ni, wọ́n fa ilà ìbú àti òró sí i, àpótí kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1. A wà ní (−2, 3), B wà ní (4, −5). Kìlómítà mélòó ló wà láàárín wọn? Ẹ̀yìn ìwé ní 5, ọmọ ń rí 1.41. Níbo ló ti ṣìnà?

Tíṣà Bódìjà
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. 1.41 yẹn gan-an ló tú àṣírí: ó gbàgbé àmì máínọ́ọ̀sì. 4 − 2 ló ṣe, àti 5 − 3. 2 ló rí nínú méjèèjì: √(2² + 2²) = 2.83 cm, ìyẹn ló di kìlómítà 1.41. Kó fi àkámọ́ sí i:

4 − (−2) = 6
−5 − 3 = −8
6² + (−8)² = 36 + 64 = 100
√100 = 10

Sẹ̀ǹtímítà 10 nìyẹn lórí máàpù. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà 50,000, ó di sẹ̀ǹtímítà 500,000. Ẹ fi 100 pín in, mítà 5,000. Ẹ fi 1,000 pín in, kìlómítà 5. Kákúlétọ̀ náà ní tirẹ̀ o: tó bá tẹ −8² láìsí àkámọ́, −64 ló máa gbé jáde. Àròpọ̀ á di −28, Math ERROR ló sì máa rí níbi gbòǹgbò.

Bàbá Oníṣirò
Òótọ́ ni. Ibi tí wọ́n tún máa ń ṣubú sí ni ìbéèrè ìwọ̀n ilẹ̀ tó sábà máa ń tẹ̀ lé e. Sẹ̀ǹtímítà 1 lórí máàpù yìí jẹ́ kìlómítà 0.5, àmọ́ 1 cm² kì í ṣe 0.5 km² o. Ìbú àti òró ló jọ ń yí padà: 0.5 × 0.5 = 0.25 km².

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ṣé kìlómítà 5 yẹn náà ni mọ́tò máa rìn?

Tíṣà Bódìjà
Rárá, mà. Bí ẹyẹ ṣe ń fò nìyẹn, ọ̀nà Ìbàdàn wo ló sì gún tó bẹ́ẹ̀! Tí ọ̀nà bá yà, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ níbi tó ti yà, kí ẹ ro gígùn wọn pọ̀. Ká ní ó gba (4, 3) kọjá: 6 + 8 = 14 cm, kìlómítà 7 ni mọ́tò máa rìn.