Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù ń gé bí mo bá sọ GeoJSON di Shapefile

Oníkànga Àkúrẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Détà kànga Òkè-Àró àti Ìta-Ògbólú ló wà lọ́wọ́ mi, GeoJSON (irú fáìlì máàpù kan) ni. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi ní Shapefile (irú fáìlì máàpù mìíràn) lòun fẹ́. Mo fi QGIS (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe máàpù) yí i padà, ni "Ijinle_omi_ojo" bá di "Ijinle_omi", "Ijinle_omi_eerun" sì di "Ijinle_o_1". Kí lẹ máa ń lò tí irú èyí kì í fi ṣẹlẹ̀?

Ọmọ Èkìmọ̀gún
GeoPackage, irú fáìlì máàpù mìíràn, ni kẹ́ ẹ lò. Fáìlì kan ṣoṣo ni, orúkọ gígùn kò ṣe é ní nǹkan kan, àmì ohùn gan-an ń wọ inú rẹ̀. Láti ọdún 2014 ni OGC (àjọ tó ń ṣe ìlànà détà máàpù) ti gbé e jáde.

Awọnlẹ̀ Ìdànrè
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹni tó ni iṣẹ́ ti sọ ohun tó fẹ́. Ẹni wa, fáìlì .dbf (tábìlì détà inú Shapefile) tó ń bá .shp rìn ló ń gé e. Ayé dBASE (ètò détà àtijọ́ kan) ló ti wá, báìtì 10 péré ló fi sílẹ̀ fún orúkọ; lẹ́tà kan tí kò ní àmì ń jẹ báìtì kan. "Ijinle_o_1" kò bà mí lẹ́rù, ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é. "Ijinle_omi" yẹn ni mò ń bẹ̀rù, torí ó jọ orúkọ tó pé. Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ kànga lè mú ìwọ̀n ìgbà òjò, kó rò pé omi ò jìn níbẹ̀, kó sì dá gbígbẹ́ dúró. Ẹ̀ẹ̀rùn á dé, kànga á gbẹ.

Kẹ́ ẹ tó yí i padà, ẹ ṣí Processing Toolbox nínú QGIS, ẹ wá "Refactor fields". Ẹ fọwọ́ ara yín kọ "ijin_ojo" àti "ijin_eerun". Ìkejì yẹn jẹ́ lẹ́tà 10 géérégé. Ẹ má fi àlàfo sí i, ẹ má sì fi nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Máàpù
ogr2ogr (àṣẹ tí a ń tẹ̀ láti yí fáìlì máàpù padà) lèmi ń lò, torí iṣẹ́ kan náà ni mò ń ṣe lóṣooṣù:

`ogr2ogr kanga.shp kanga.geojson -sql "SELECT Ijinle_omi_ojo AS ijin_ojo, Ijinle_omi_eerun AS ijin_eerun FROM kanga"`

Bẹ́ ẹ bá rí "Normalized/laundered field name" lójú ẹ̀rọ, orúkọ kan ti gé nìyẹn, ẹ má fojú fò ó. Tó bá jẹ́ inú KoboToolbox (ètò tí a fi ń gba détà jọ) ni détà ti wá, ẹ kọ́kọ́ yọ "/" kúrò nínú àwọn orúkọ náà.

Oníkànga Àkúrẹ́
Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé mo lè fi àmì ohùn sí i?

Awọnlẹ̀ Ìdànrè
Nínú orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù, rárá. "Ìjìnlẹ̀" nìkan ń jẹ báìtì 12 nínú UTF-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ lẹ́tà pamọ́). Ṣùgbọ́n nínú détà fúnra rẹ̀, ẹ kọ "Òkè-Àró" bó ṣe yẹ, kẹ́ ẹ fi .cpg (fáìlì tó ń sọ irú ọ̀nà tí a gbà kọ lẹ́tà pamọ́) ránṣẹ́ mọ́ àwọn yòókù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn lẹ́tà yẹn lè dàrú lọ́dọ̀ wọn. Ẹ tọ́jú GeoPackage olórúkọ gígùn sọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì fi CSV (fáìlì tábìlì lásán) kékeré tó ń sọ ìtumọ̀ orúkọ kúkúrú kọ̀ọ̀kan sínú zip tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́.