Ìyanṣẹ́lódì Hollywood ọdún 2023: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Màmá, Houston:

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mo ní kí n gbé e wá síbí. Ìyanṣẹ́lódì táwọn tó ń kọ eré àtàwọn òṣèré ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023 yẹn, báwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́, wàá rò pé àwọn olówó Hollywood nìkan ló ń bára wọn fà á. Irọ́ ni. Ó kan àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn kámẹ́rà, ó sì kan àwa tá a jókòó sílé tá à ń wò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kẹ́yin náà wá sọ tiyín.

Màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n òyìnbó, wọ́n ní ẹnu wọn yá jù, ṣùgbọ́n tó bá ti di aago méje àbọ̀ alẹ́ Mọ́ńdè, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan rìmóòtù nílé wa torí Bob Hearts Abishola. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, eré iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS ni, ọdún 2019 ló bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ní Detroit ni òyìnbó tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ dẹnu ìfẹ́ kọ. Folake Olowofoyeku ló ṣe Abíṣọ́lá. Gina Yashere wà lára àwọn tó dá eré náà sílẹ̀, òun náà ló tún ṣe Kẹ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bayo Akinfemi tẹ́ ẹ mọ̀ sí Goodwin, àtìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń bá wọn tún èdè Yorùbá ṣe. Kéèyàn máa gbọ́ Yorùbá lórí tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wò, ẹ ò mọ ohun tíyẹn ṣe fún ìyá mi. Wọ́n á máa dá àǹtí Olú inú eré náà lóhùn látorí àga, tí Olú bá sọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ wọn nínú wọ́n á ní "hẹn-ẹ̀n, sọ fún un!"

Oṣù karùn-ún 2023 ni season kẹrin parí. Nígbà yẹn àwọn tó ń kọ eré ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ kejì oṣù náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi 11,500 èèyàn nínú ẹgbẹ́ WGA. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù keje, àwọn òṣèré SAG-AFTRA náà jáde, àwọn yẹn sì tó 160,000. Láti ọdún 1960 ẹgbẹ́ méjèèjì ò jọ yanṣẹ́ lódì pa pọ̀ mọ́, 2023 ni wọ́n tún tó ṣe é. Gbogbo nǹkan bá dúró.

Oṣù kẹsàn-án tí eré tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ wá dé, a ò rí nǹkan kan. CBS lọ gbé Yellowstone wá sí alẹ́ Sọ́ńdè, eré tó ti ń lọ lórí kébù láti 2018. ABC fi ríálítì àti géèmù dí àyè, Dancing with the Stars, The Golden Bachelor, Celebrity Wheel of Fortune. Survivor àti The Amazing Race tó jẹ́ wákàtí kan kan, wọ́n nà án di wákàtí kan àbọ̀ kí alẹ́ Wẹ́sìdeè lè kún. Kódà àmì ẹ̀yẹ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní Emmy tó yẹ kí wọ́n ṣe lóṣù kẹsàn-án, ọjọ́ 15 oṣù kìíní 2024 ni wọ́n tó ṣe é. Màmá á jókòó ní Mọ́ńdè, wọ́n á bi mí pé "Abíṣọ́lá ńkọ́?", màá ní wọ́n ṣì wà ní sítíráìkì ma. Wọ́n á ní ṣé wọn ò tíì san owó wọn ni, màá ní rárá ma, wọ́n á wá mí kanlẹ̀, wọ́n á ní kí Ọlọ́run dá sí i.

Ọjọ́ 12 oṣù kejì 2024, ọjọ́ kejì tí wọ́n gbá Super Bowl, àṣekágbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ló tó padà wá. Apá 13 péré ni wọ́n ṣe, nígbà tí season kẹta àti ìkẹrin jẹ́ 22 22. Ó di oṣù karùn-ún ó parí, ó sì parí náà nìyẹn torí CBS ti kéde pé season karùn-ún yẹn ni ìkẹyìn. Ó dun màmá mi gan-an ni. Ó yá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Los Angeles, ní Atlanta, ẹ sọ tiyín.

Aránṣọ Burbank:

Ẹ ṣé bùrọ̀dá, ẹ bá mi kí màmá. Aránṣọ ni mí, ẹ̀ka kọ́sítùmù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láwọn eré tẹlifíṣọ̀n, ó ti pẹ́. Ẹ ò ní rí orúkọ mi àfi tẹ́ ẹ bá ní sùúrù títí orúkọ yóò fi sáré kọjá lẹ́yìn eré. Ṣẹ́ẹ̀tì kan tẹ́ ẹ rí lọ́rùn òṣèré, mẹ́ta mẹ́rin irú rẹ̀ ló wà lórí háńgà, torí tí kọ́fí bá dà sí i lára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn ò ní dúró dè mí kí n lọ fọ̀ ọ́. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo gbọ́dọ̀ gé dọ́gba, kí n dín apá dọ́gba, kí bọ́tìnnì jókòó sójú kan náà, torí tí ìkan bá gùn ju ìkejì lọ báyìí, ẹni tó ń wò nílé á rí i pé apá rẹ̀ gùn nígbà tó ń wọlé, ó wá kúrú nígbà tó jókòó. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, iṣẹ́ ojú ni, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí àwọn tó ń kọ eré jáde lóṣù karùn-ún, a ti ń gbọ́ ọ. Wọ́n ní ká palẹ̀ mọ́. A kó gbogbo aṣọ sínú báàgì onísíìbù, a kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti nọ́ńbà apá eré tó ti wọ̀ ọ́ sí i lára, wọ́n kó wọn lọ síbi ìkẹ́rùsí. Ọ̀gá wa ní òun máa pe olúkúlùkù. Láti ìgbà yẹn, fóònù ò dún mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun táwọn èèyàn kì í mọ̀. Èmi kọ́ ni mo yanṣẹ́ lódì. Ẹgbẹ́ tiwa ọ̀tọ̀, IATSE ni, àwọn tó ń ran aṣọ, tó ń tan iná, tó ń gé igi sẹ́ẹ̀tì, tó ń ṣe irun. Ìwé àdéhùn tiwa ò tíì parí nígbà yẹn, a ò sí nínú ìjà ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa lọ. Nítorí pé kì í ṣe àwa la dáṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba California fún wa lówó àìríṣẹ́ṣe, èyí tó ga jù nínú rẹ̀ jẹ́ $450 lọ́sẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iye tí wọ́n ń gba owó ilé ní Los Angeles, ẹ fúnra yín ṣírò rẹ̀. Àwọn tó yanṣẹ́ lódì gan-an ò tiẹ̀ rí ìyẹn gbà. Ilé aṣòfin ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fún wọn, Gómìnà Newsom ló kọ̀ tí ò buwọ́ lù ú.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ìnṣọ́ránsì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìnṣọ́ránsì ìlera òun má já, ó gbọ́dọ̀ ṣe wákàtí 400 láàárín oṣù mẹ́fà. Níbo ni mo ti fẹ́ rí wákàtí 400 nígbà tí kò sẹ́ni tó ń ya nǹkan kan? Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn mi ò gbọdọ̀ tán. Mo gba fọ́ọ̀mù Entertainment Community Fund, àjọ tó ń ran àwọn òṣìṣẹ́ eré lọ́wọ́, wọ́n ràn mí lọ́wọ́, Ọlọ́run á san án fún wọn. Aṣọ ẹbí ló gbé ìyókù. Àwọn èèyàn wa ní Inglewood àti Hawthorne ò dáwọ́ ìgbéyàwó dúró o, mo ran bùbá, mo ran ìró, mo ran agbádá àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó tí kò sẹ́ni tó rántí wọn àfi nígbà tó kù ọ̀sẹ̀ kan, orí tábìlì tá à ń jẹun ni mo gbé máṣíìnì sí.

Bùrọ̀dá ní apá 13 dípò 22. Ẹ̀yin rí alẹ́ mẹ́sàn-án tẹ́ ò rí nǹkan wò. Ní irú eré apanilẹ́rìn-ín tí wọ́n ń yà níwájú èrò bẹ́ẹ̀ yẹn, apá kan jẹ́ bí ọ̀sẹ̀ kan iṣẹ́. Mẹ́sàn-án tí wọ́n yọ, owó oṣù méjì lé ti aránṣọ nìyẹn, ti kápẹ́ńtà, ti ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá. Abbott Elementary ti ABC kúrò ní 22, ó di 14. Grey's Anatomy kúrò ní 20, ó di 10, wọ́n gé e sí méjì gbọọrọ. Mi ò bínú sáwọn tó ń kọ eré o, mo mọ̀ pé ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n ń bèèrè. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ máa ka àwa náà mọ́ ọn.

Dẹ́rẹ́bà Teamsters, Los Angeles:

Ẹ kú iṣẹ́ àǹtí. Tírọ́ọ̀kù tó ń kó iná, wáyà àti tẹ́ǹtì lọ sí lókéṣọ̀n ni mo ń wà. Àwa Teamsters, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, náà kọ́ la yanṣẹ́ lódì, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn wa gbà wá láyè pé tá a bá dé ẹnu géètì tá a bá àwọn tó gbé pátákó níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fipá mú wa wọlé. Àwọn tó ń kọ eré mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Aago márùn-ún ìdájí, ilẹ̀ ò tíì mọ́, wọ́n á ti dúró sẹ́nu géètì, nígbà míì mẹ́ta mẹ́rin wọn péré, torí tí tírọ́ọ̀kù bá yí padà iná ò délẹ̀ nìyẹn, tíná ò bá sì délẹ̀ kò sóhun tí kámẹ́rà fẹ́ yà. Bí wọ́n ṣe dá eré tí wọ́n ti kọ tán tẹ́lẹ̀ pàápàá dúró nìyẹn, kó tó di pé àwọn òṣèré jáde lóṣù keje. Èmi yí tèmi padà. Owó ọjọ́ náà lọ, mi ò kábàámọ̀ ọ́, torí ó lè kàn mí lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bí mi nínú jù. Iléeṣẹ́ eré ńlá kan wà táwọn igi wà létí títì níwájú rẹ̀, ibẹ̀ nìkan làwọn tó ń wọ́de ti ń rí ibòji, oòrùn oṣù keje ní Los Angeles kì í ṣe eré. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n ti gé gbogbo ewé orí igi wọ̀nyẹn kúrò, ẹ̀ka ìhòòhò ló kù. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó sétí títì, ó fi pátákó tó gbé bo orí. Mo páàkì, mo gbé omi tó wà nínú kúlà mi fún wọn. Iléeṣẹ́ náà ní ọdọọdún làwọn máa ń gé e. Ìjọba ìlú wádìí, wọ́n ní igi ìjọba ni, kò sẹ́ni tó gbàwé àṣẹ. Iye tí wọ́n ní kí wọ́n san jẹ́ $250. Inú mi ò tíì rọ̀ sí i títí dòní.

Ará Ìbàdàn:

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n dá sí i kíákíá. Èyí tó ṣáájú, tí WGA ṣe láti oṣù kọkànlá 2007 títí di oṣù kejì 2008, ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ó dé Dùgbẹ̀ níbí. Gbogbo wa ń dúró de season keje eré tí wọ́n ń pè ní 24, oṣù kìíní 2008 ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀, oṣù kìíní 2009 ló tó jáde, ọdún kan gbáko. Prison Break season kẹta, apá 13 péré, àwọn tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ 22. Àwọn tó ń ta DVD ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún wa, àwọn míì ń kọ "24 season 7" sára èyí tá a ti wò tẹ́lẹ̀, ìjà ló máa ń dà. A ò mọ̀ nígbà náà pé àwọn kan jókòó sílé láìníṣẹ́ ní Los Angeles.

Wàkàpáàsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Wàkàpáàsì ni mí, òṣèré tó kàn ń kọjá lẹ́yìn, ọmọ ẹgbẹ́ SAG-AFTRA, iṣẹ́ gidi ni. Ohun tá a torí ẹ̀ jáde ni mo fẹ́ sọ. Lórí CBS àti ABC, tí wọ́n bá tún eré gbé jáde, owó á tún wọlé fún ẹni tó kọ ọ́ àti òṣèré tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, owó yẹn ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà láàárín iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo èèyàn ti kó lọ, ì báà jẹ́ mílíọ̀nù èèyàn ló wò ó, iye tí wọ́n ń rí nígbà yẹn kò pọ̀ sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan fi sọ̀wédowó rẹ̀ hàn mí, sẹ́ǹtì ló wà níbẹ̀, kò tó dọ́là kan. Lọ́dún yẹn, ẹni tó bá fẹ́ gba ìnṣọ́ránsì ẹgbẹ́ wa ní láti pa $26,470, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ò sì pa á.

AI, kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí èèyàn, wá wọ̀ ọ́. Mo ti ṣe síkáànì rí, wọ́n fi kámẹ́rà yí mi ká, wọ́n ní kí n yíjú sọ́tùn-ún, sósì, kí n rẹ́rìn-ín, kí n bínú, kí n ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí ìjà dé, ẹgbẹ́ wa ní àwọn iléeṣẹ́ fẹ́ máa san owó ọjọ́ kan fún wàkàpáàsì kí wọ́n sì máa lo ojú rẹ̀ títí láé, àwọn iléeṣẹ́ ní àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ojú bàbá mi ni mo gbé sórí yìí o, ẹni tó bá rí mi ní Ẹdẹ mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Tó bá ti wà nínú kọ̀ǹpútà wọn, kí ni wọ́n tún fẹ́ pè mí fún? Ọjọ́ 118 la lò. Àwọn tó ń kọ eré lo 148, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n parí tiwọn, àwa parí lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá. Ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn tá a fọwọ́ sí lẹ́yìn náà ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda mi kí wọ́n tó lò ó, kí wọ́n sì sanwó rẹ̀. Kò tó bí mo ṣe fẹ́, àmọ́ ó sàn ju òfo lọ.

Ọmọ Màmá, Houston:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka ti àǹtí aránṣọ fún màmá, wọ́n ní kí n bi yín pé ṣé iṣẹ́ ti padà?

Aránṣọ Burbank:

Ó padà, kò padà tán, ẹ bá mi sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n pè mí ní nǹkan bí oṣù kìíní 2024, a lọ tú àwọn báàgì yẹn sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n season kúkúrú ni gbogbo wọn, kó tó di oṣù karùn-ún a ti ń palẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn iléeṣẹ́ sì ń fà sẹ́yìn torí ìwé àdéhùn tiwa náà fẹ́ parí ní ìparí oṣù keje, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwa náà á jáde. A ò jáde, a fọwọ́ sí i. Máṣíìnì mi ṣì wà lórí tábìlì oúnjẹ, mi ò gbé e kúrò. Ẹ̀yin ará Atlanta ẹ ò tíì sọ nǹkan kan o. Ọmọ àbúrò mi fẹ́ lọ wọ iṣẹ́ kọ́sítùmù níbẹ̀, ó ti ń wá ilé, ẹ bá mi sọ bó ṣe rí gan-an kó tó buwọ́ lùwé.