Ọkùnrin kan ní òun yóò fi stem cell kun inú iṣan onírọ́bà tí wọ́n fẹ́ fi sí ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Ṣé kí a sanwó?

Ìyá Tọ́lá (Kubwa): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa l'Ábùjá. Kíndìnrín ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn (dialysis). Fístúlà, ìyẹn iṣan méjì tí wọ́n so pọ̀ fún fífọ ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ṣe sí ọwọ́ òsì ti dí. Rọ́bà tí wọ́n tì bọ iṣan ọrùn ni wọ́n ń lò báyìí, ibà sì ń wá, ó ń lọ. Dókítà ní ó lè jẹ́ iṣan onírọ́bà (graft), rọ́bà tí wọ́n ń tẹ̀ sábẹ́ awọ láti so iṣan méjì pọ̀, ni wọn yóò fi sí i. Ọ̀rẹ́ wọn kan wá mú wa lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Wuse. Ó ní òun yóò fa stem cell (sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn) láti inú ọ̀rá ikùn wọn, òun yóò fi kun inú iṣan onírọ́bà náà, kò sì ní dí láéláé. Ìdajì owó ló fẹ́ gbà ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n ní kí a ta ilẹ̀ wọn tó wà n'Ílọrin. Ṣé òótọ́ ni nǹkan yìí?

Ọmọ Ọ̀fà (Lugbe): "Láéláé" kẹ̀? Ẹ má ta ilẹ̀ o.

Aláyẹ̀wò (Zaria): Ìmọ̀ rẹ̀ wà, mà. Títà rẹ̀ fún irú àìsàn wọn ni kò tíì sí. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú iṣan tí Ọlọ́run fún wa, sẹ́ẹ̀lì ló tò ó pọ̀, òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì níbẹ̀. Rọ́bà kò ní in. Èyí tó bá tóbi kì í fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu, ṣùgbọ́n èyí tí ihò rẹ̀ kò tó mílímítà 6 máa ń tètè dí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbìyànjú láti gbin sẹ́ẹ̀lì sínú rẹ̀. Stem cell wù wọ́n torí pé wọ́n lè mú un nínú ọ̀rá tàbí mùdùnmúdùn eegun, kí wọ́n tọ́ ọ di irú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń wá.

Ní Jàpáánì, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọkàn kan, Toshiharu Shin'oka, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti fi sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn sára iṣan kan tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara, wọ́n fi sí àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù ọkàn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lára eku, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbìn kò pẹ́ tó fi pòórá. Ó jọ pé ńṣe ló kàn pe sẹ́ẹ̀lì ara fúnra rẹ̀ wá ṣiṣẹ́. Èmi fẹ́ràn ìwádìí yẹn gan-an! Ṣùgbọ́n iṣan ńlá tí ẹ̀jẹ̀ ń rọra gbà kọjá ni. Ti ọwọ́ yàtọ̀: ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà gba ibẹ̀, ó lè gbá sẹ́ẹ̀lì lọ, abẹ́rẹ́ ńlá yóò sì tún máa gún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìyá Tọ́lá: Ó fi fídíò iṣan kan tí wọ́n ṣe l'Ámẹ́ríkà hàn wá. Ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí i.

Aláyẹ̀wò: Ó ní láti jẹ́ Symvess, ti ilé iṣẹ́ Humacyte. Sẹ́ẹ̀lì iṣan ẹlòmíì ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n wá fọ sẹ́ẹ̀lì náà dànù kí ara má baà kọ̀ ọ́. Kì í ṣe stem cell aláìsàn rárá. Àṣẹ tí FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn l'Ámẹ́ríkà, fún un ní oṣù Kejìlá 2024 sì jẹ́ ti àgbàlagbà tí iṣan apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́ nínú ìfarapa. Kò kan dialysis.

Nọ́ọ̀sì (Gwagwalada): Ìyá Tọ́lá, ibà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ má kà á sí ti ẹ̀fọn. Kòkòrò lè ti gba rọ́bà ọrùn wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbé wọn lọ lónìí, ẹ má dúró de ọjọ́ dialysis.

Tí ara bá ti balẹ̀, ẹ ní kí dókítà fi scan wo iṣan apá méjèèjì. Fístúlà mìíràn lè ṣeé ṣe lókè ìgbọ̀nwọ́. Ó máa ń gba oṣù kan, méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbó. Wọ́n lè lo onírọ́bà láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, àmọ́ ó máa ń dí ju fístúlà lọ, kòkòrò sì máa ń wọ̀ ọ́ ju fístúlà lọ.

Alhaji (Minna): Onírọ́bà ni ìyàwó mi ń lò. Ó ti dí rí, wọ́n sì là á. Àràárọ̀ ló ń fọwọ́ kàn án bóyá ó ń gbọ̀n rìrì. Tí kò bá gbọ̀n, ilé ìwòsàn yá. Ẹ ní kí ará Wuse yẹn mú ìwé àṣẹ NHREC wá, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwádìí ìlera lára ènìyàn ní Nàìjíríà. Ẹni tó ń ṣèwádìí tòótọ́ kì í ní kí aláìsàn ta ilẹ̀.

Ìyá Tọ́lá: A ti wà lọ́nà ilé ìwòsàn. Mo béèrè ìwé, ó ní kí n kọ́kọ́ san díẹ̀ ná. Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n má jẹ́ kí wọ́n gún apá ọ̀tún?

Nọ́ọ̀sì: Bẹ́ẹ̀ ni, mà, kí iṣan apá náà má baà bàjẹ́ kí wọ́n tó ṣe fístúlà mìíràn. Ẹ̀yìn àtẹ́lẹwọ́ ni kí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó mú abẹ́rẹ́ jáde.