Jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba: ṣé èrè rẹ̀ ń pẹ́ lára ọmọ?

Ìyá Sídíkátù, Gáà-Akanbí, Ìlọrin
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún mẹ́rin. Ilé-ìwé ìjọba àdúgbò wa ní jẹ́lé-ó-sinmi, àmọ́ bàbá ẹ̀ ní tó bá dé kíláàsì kẹta, àwọn tí kò lọ á ti bá a. Ṣé òótọ́ ni?

Tíṣà Òmù-Àrán
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní Tennessee, l'Amẹ́ríkà, gègé ni wọ́n ṣẹ́ láti fi yan àwọn ọmọ wọ jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba. Àwọn tó wọlé kọ́kọ́ ta àwọn yòókù yọ. Nígbà tí wọ́n dé kíláàsì kẹfà, àwọn tí kò rí àyè ló ń gba máàkì jù. Èsì ìwádìí náà jáde ní 2022, ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n ní Boston, l'Amẹ́ríkà kan náà, máàkì ò yàtọ̀, síbẹ̀ àwọn tó lọ ló wọ yunifásítì jù lẹ́yìn girama.

Kíláàsì kìíní ni mò ń kọ́. Ọmọ tó ti lọ máa ń dúró kí ẹnì kejì sọ̀rọ̀ tán, ó sì ń béèrè nǹkan. Ìdánwò kì í wọn ìyẹn. Ẹ lọ wo kíláàsì náà fúnra yín: ọmọ mélòó ló wà lọ́wọ́ tíṣà kan?

Bàbá Ọ̀fà
Ẹ wò ó bóyá eré àti ìtàn wà níbẹ̀, àbí A B D nìkan látàárọ̀.

Ìyá Sídíkátù
Ẹ ṣé, tíṣà. Èmi àti bàbá ẹ̀ á jọ lọ ní Mọ́ńdè.