Àárọ̀ ni wọ́n gé ọmú mi, ilé ni mo sùn lálẹ́ ọjọ́ náà

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ìfaradà, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́ńdọ́ọ̀nù níbí ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo wọ ilé ìwòsàn. Wọ́n gé ọmú òsì mi torí jẹjẹrẹ, wọ́n sì yọ díẹ̀ lára àwọn kókó kéékèèké tí omi ara ń gbà kọjá lábẹ́ abíyá láti fi ṣàyẹ̀wò bóyá jẹjẹrẹ náà ti dé ibẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì ní kí n máa múra ilé. Àyà mi já! Nígbà ti ìyá mi n'Íbàdàn, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n lò ní wọ́ọ̀dù. Mo rò pé torí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ṣe ń lé mi.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì yẹn kò kánjú. Ó ní kí n kọ́kọ́ jẹun, kí n tọ̀, kí n dìde rìn. Ó wá bi mí pé, "Ta ni yóò wà pẹ̀lú yín mọ́jú?" Mo ní àbúrò mi ni. Ó pè é, ó bá a sọ̀rọ̀, ó sì kọ nọ́ńbà méjì fún un, ti ọ̀sán àti ti òru.

Rọ́bà kan tó ń fa ẹ̀jẹ̀ àti omi ojú ọgbẹ́ jáde ti ẹ̀gbẹ́ àyà mi wọ inú ìgò kékeré. Ní gbogbo wákàtí mẹ́rin, àbúrò mi á dìde, á fi báírò fa ìlà sára ìgò náà níbi tí ẹ̀jẹ̀ dé. Èmi ká ìró sábẹ́ apá, mo sùn. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ mo tọ̀, ó rí bí omi aró! Mo figbe ta. Àṣé oògùn aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi wá kókó abẹ́ abíyá yẹn ni. Wọ́n ti sọ fún mi, n kò rántí. Ọjọ́ kẹfà, tí omi náà kò tó 30 mílílítà lójúmọ́ mọ́, wọ́n yọ rọ́bà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu o. Tèmi kò lọ bẹ́ẹ̀. Aago márùn-ún ni wọ́n ní kí n máa lọ. Nígbà tó di mọ́kànlá alẹ́, àyà mi wú, ó le kókó, ẹ̀jẹ̀ tútù sì kún ìgò. Ọkọ mi ní ká dúró dilẹ̀ mọ́. Ọmọ mi obìnrin kọ̀ jálẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti tún mi gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n dí iṣan tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Òru àkọ́kọ́ ni irú ẹ̀ sábà máa ń ṣẹlẹ̀. N kò bínú pé wọ́n dá mi sílẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé oorun ṣì wà lójú mi nígbà tí wọ́n ń ṣàlàyé. Bí kì í bá ṣe ọmọ mi tó dúró gbọ́ ọ, n kò ní mọ ohun tí mò ń wò.

Àǹtí Birmingham:
Èmi nìkan ni mò ń gbé. Ọjọ́ tí wọ́n pè mí fún àyẹ̀wò ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni mo ti sọ fún wọn, n kò dúró dọjọ́ náà. Wọ́n fi mí sùn mọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni nọ́ọ̀sì òru wá fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ìgò mi.