Wọ́n kọ asylum obìnrin ogúnléndé kan ní Ìlú Ọba: ṣé Ìgbìmọ̀ CEDAW ṣì lè gbà á?

Àbẹ̀kẹ́ L.
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹgbẹ́ wa dúró ti obìnrin kan ní Lọ́ńdọ́nù tó gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin sá torí wọ́n fẹ́ dábẹ́ fún un. Ìjọba kọ̀ ọ́, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà kọ̀ ọ́. Tí a bá kọ̀wé sí CEDAW, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ obìnrin, ní Geneva, kí ló lè mú kí wọ́n dá ìwé náà padà?

Bàbá Ṣeun
Ìlú Ọba ti wà nínú Àfikún Àdéhùn CEDAW (Optional Protocol), tó jẹ́ kí ẹnì kan lè fẹjọ́ sun Ìgbìmọ̀ náà, láti 2004, nítorí náà ọ̀nà wà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣí fáìlì ẹjọ́ rẹ̀ wò: ṣé ẹnikẹ́ni sọ fún adájọ́ pé jíjẹ́ obìnrin ni wọ́n fi fẹ́ dù ú lẹ́tọ̀ọ́? Ibẹ̀ ni ẹ̀bẹ̀ ti ń kú. Ní 2007, nínú ẹjọ́ N.S.F. pẹ̀lú UK, obìnrin kan sá fún ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ní Pakistan. Ìgbìmọ̀ ò gbà á wọlé rárá, torí kò gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ilé ẹjọ́ abẹ́lé rí. Bí kò bá sí nínú fáìlì tiyín, kí lọ́yà kọ́kọ́ fi further submissions (àlàyé àti ẹ̀rí tuntun) ránṣẹ́ sí ìjọba, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba.

Ìyá Tóbi
Kí lọ́yà náà má gbàgbé ẹjọ́ Fornah, 2006. Àdéhùn Ogúnléndé 1951 ò dárúkọ obìnrin: ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, èrò ìṣèlú àti àwùjọ pàtó nìkan ló kà. House of Lords, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba nígbà náà, gbà nínú Fornah pé ọmọbìnrin Sierra Leone tó ń sá fún abẹ́ dídá wà lára àwùjọ pàtó. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti gba irú rẹ̀ ní 1996 fún Fauziya Kassindja, ọmọ Togo. Fún Geneva ní tiwọn, General Recommendation 32 ti 2014, ìtọ́sọ́nà Ìgbìmọ̀ náà lórí obìnrin tó ń wá ààbò, ni kẹ́ ẹ tọ́ka sí.

Ìwé tí kò lórúkọ, wọn ò ní gbà á. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé orúkọ náà jáde fáráyé. Ẹ fi ìwé àṣẹ tó fọwọ́ sí kún un, àti ẹ̀dà ìdájọ́ gbogbo, ẹ má fi ojúlówó ránṣẹ́. Ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ kan náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg: ìyẹn nìkan tó láti ba ti Geneva jẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ L.
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Tí wọ́n bá ti dá ọjọ́ ọkọ̀ òfurufú fún un ńkọ́?

Bàbá Ṣeun
Ẹ bẹ Ìgbìmọ̀ lábẹ́ Abala 5 Àfikún Àdéhùn yẹn pé kí wọ́n ní kí ìjọba dá lílé e kúrò nílùú dúró. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti wákàtí tó máa gbéra sí òkè ìwé náà, ẹ má sì jẹ́ kó di òpin ọ̀sẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀bẹ̀ yẹn nìkan ò lè so ìjọba lọ́wọ́ nínú òfin ilẹ̀ náà. Kí lọ́yà wá àṣẹ ìdádúró lọ́dọ̀ adájọ́ lọ́jọ́ kan náà.