Ọ̀rọ̀ "àwàdà dúdú" yẹn, èmi ò fara mọ́ ọn

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ ti ń kọ láti ọjọ́ Ajé lórí orúkọ tó yẹ ká fún irú fíìmù tó ń pani lẹ́rìn-ín lórí ohun tí kò yẹ kéèyàn rín, ikú, àìsàn, ìkà, àti bí ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ṣe ní ká máa pè é ní "àwàdà dúdú", bí Òyìnbó ṣe ń pè é ní "black comedy", tí àwọn mẹ́ta kan sì ti ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ bá àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní Ilé-Ifẹ̀ níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá ò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

A máa ń wo fíìmù pa pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì nílé ẹ̀gbọ́n mi kan ní Mọ́ọ̀rẹ̀, bí iná ò bá sí a tan jẹnẹrétọ̀. Èmi ni mo máa ń kọ irú fíìmù tá a fẹ́ wò sára páálí tá a ń lẹ̀ mọ́ géètì. The Favourite la wò lọ́jọ́ yẹn, fíìmù 2018 tí Yorgos Lanthimos, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì, darí ẹ̀, Olivia Colman ló ṣe Ọbabìnrin Anne ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ẹ̀, wọ́n sì torí ẹ̀ fún un ní Oscar ní 2019. Obìnrin méjì ló ń du ipò ààyò lọ́dọ̀ ọbabìnrin yìí, èyí ò sì ṣòroó yé ọmọ Ifẹ̀, ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ olorì àti ẹmẹ̀sẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ ààfin, ti mọ̀ pé ibi tí ààyò bá wà, ìjà wà níbẹ̀. Mo wá kọ ọ́ sára páálí pé "Àwàdà láàfin ọba". Ọ̀rọ̀ tí mo kọ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tó wá, àwàdà ni wọ́n bá wá. Nígbà tí àwọn ìjòyè ń fi pẹ́pẹ́yẹ sáré ìje láàfin, wọ́n rín in dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí fíìmù ń lọ tí ìkà ń gorí ìkà, wọ́n ní èwo lèyí, wọ́n ní kò lórí kò nídìí. Tíṣà hísítírì kan tó wà pẹ̀lú wa ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín rárá, ó ń bi wá pé ọkọ ọbabìnrin dà? Òótọ́ ló sì sọ o, Anne jọba láti 1702 sí 1714, Prince George ọkọ ẹ̀ ò kú títí di 1708, fíìmù ò sì fi í hàn wá.

Ìyá àgbà kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń bó ọsàn. Nígbà tí ọbabìnrin pariwo mọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ kan pé kó wo òun, tí ọmọ wò ó, tó tún bú u pé kí ló dé tó ń wo òun, ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó wá kan ibi tí ọbabìnrin ti ń sọ fún ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀ pé ehoro 17 tí òun ń sìn nínú yàrá, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí òun pàdánù. Ehoro yẹn, àwọn tó ṣe fíìmù ló fi kún un, ṣùgbọ́n oyún 17 yẹn òótọ́ ni, kò sì sí ọmọ kan tó dàgbà nínú wọn, èyí tó pẹ́ jù láyé, ọmọ ọdún 11 ni nígbà tó kú. Ọ̀bẹ dúró lára ọsàn. Ìyá ní, "Mẹ́tàdínlógún? Àbíkú mà lèyí o." Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ṣì ń rín pé àgbàlagbà ń bá ehoro sọ̀rọ̀ bí ọmọ, ìyá yíjú sí wọn, inú bí wọn. Kò pẹ́ sígbà yẹn, ìyá fúnra wọn tún bú sẹ́rìn-ín, mo bi wọ́n pé mọ́mì, ẹ tún ń rín? Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ju ẹkún lọ ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé a wá tún ń wá orúkọ kiri ni? Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín, kò sí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. A ti ní ẹ̀rín yìí nílé kí Òyìnbó tó fi àwọ̀ kùn ún. Ọmọ Iléṣà ni mí, Baba Sálà sì ni baba wa nídìí àwàdà, nínú fíìmù Ọ̀run Móoru tí wọ́n ṣe ní 1982, ẹni tí òṣì mú débi tó fi fẹ́ kú, tó sì bá ara ẹ̀ lọ́run, òun là ń rín yẹn. Ta ló pe ẹ̀rín yẹn ní dúdú?

Ohun tí mo ní sí "dúdú" nìyí. Lóòótọ́ à ń sọ pé inú ẹnì kan dúdú bó bá jẹ́ ìkà, ṣùgbọ́n àwa kan náà là ń ki èèyàn ní adúmáadán. Mo bi akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Lágere ohun tó rò pé àwàdà dúdú jẹ́, ó ní àwàdà àwọn aláwọ̀ dúdú. "Àwàdà" gan-an ò tún bá a mu, torí ẹni tó bá ní "àwàdà ni mo ń ṣe o", ó ń bẹ̀ ọ́ kó má dùn ọ́ ni. Fíìmù yẹn fẹ́ kó dùn ọ́.

Àbúrò tó dá "eré tẹ̀rín-tẹkún" lábàá, ọ̀rọ̀ ẹ dùn, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n bíi tọ̀sán-tòru ló rí, ọ̀kan ń lọ ọ̀kan ń bọ̀. Bí ọ̀pọ̀ fíìmù wa ṣe rí nìyẹn, gétímáànù á pa wá lẹ́rìn-ín tán, ìyá ọkọ á wá mú wa sunkún, ẹ jẹ́ ká fi tẹ̀rín-tẹkún pe ìyẹn. Èyí tí mò ń wí yìí, ẹ̀rín gan-an ló jókòó sórí àga ẹkún.

Eré ajuẹkúnlọ ni mo dá lábàá. Bí a ṣe ṣẹ̀dá asọ̀rọ̀mágbèsì náà la ṣe ṣẹ̀dá ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ká pa fáwẹ́lì jẹ kó di "ajẹkúnlọ", ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ ọ, àjẹkún ìyà lọkàn ẹ̀ máa lọ, ẹkún á sì sọnù nínú ọ̀rọ̀. Fáwẹ́lì méjì lè dúró tira wọn, ṣebí Ìfẹ́olúwa là ń pe ọmọ.

Ní ti ẹni tó ní ká pe irú fíìmù aláṣọ àtijọ́ báyìí ní "eré ìwáṣẹ̀", rárá o. Ní Ifẹ̀ níbí, ìgbà Odùduwà ni ìwáṣẹ̀, ìgbà Ọbabìnrin Anne kì í ṣe ìwáṣẹ̀. "Eré onítàn" náà, ohun tó mú tíṣà bínú nìyẹn, ó ti rò pé ìtàn gidi ni wọ́n máa sọ fún òun. Eré ayé àtijọ́ tó.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ a tún fẹ́ wò ó, torí ìyá yẹn ní àwọn fẹ́ wò ó látìbẹ̀rẹ̀ láìsí ariwo ọmọdé. Mo ti kọ páálí tuntun, "Eré ajuẹkúnlọ, ti ayé àtijọ́". Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó tètè kọ ọ́ wá kí n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì.